Èdè wo ni kí àwọn ọmọ Maya kíláàsì wa máa fi ṣeré?

Àdùkẹ́_Houston:

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ jọ̀ọ́ ìmọ̀ràn ni mo ń wá, pàápàá lọ́wọ́ ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ tíṣà tàbí tí ẹ ń bá ọmọdé ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà níbí.

Igbákejì tíṣà ni mí nílé ìwé kan ní Houston, àwọn ọmọ ọdún mẹ́rin là ń kọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ni wọ́n kọ "Hispanic" (ẹni tó ti ilẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Sípáníìṣì wá) sí nínú ìwé, níbi tí wọ́n ti bi òbí pé èdè wo lẹ ń sọ nílé, Sípáníìṣì ni wọ́n kọ síbẹ̀, torí náà Sípáníìṣì àti òyìnbó la fi ń kọ́ wọn. Àwọn kan jẹ́ ọmọ Mẹ́síkò, àwọn kan Honduras, àwọn kan El Salvador, ṣùgbọ́n a ní mélòó kan tí òbí wọn wá láti Totonicapán ní Guatẹmálà, ọ̀rọ̀ àwọn yìí ló gbé mi wá. Wọn kì í sọ̀rọ̀ ní kíláàsì. Tí tíṣà bá bi wọ́n ní nǹkan ní Sípáníìṣì wọ́n á kàn máa wò ó, tó bá yí i sí òyìnbó wọ́n á tún máa wò ó.

Ṣùgbọ́n ẹ wá wò wọ́n níbi eré! A ní igun kan tá a kó ìkòkò ìṣeré àti ọmọláńgidi sí, ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin yẹn bọ́ súẹ́tà ẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé ọmọláńgidi sẹ́yìn, ó pọ̀n ọ́n. Ẹ̀yìn mi fẹ́rẹ̀ẹ́ lélẹ̀. Kì í ṣe ìbàdí ló so ó mọ́ bíi tiwa o, èjìká ló gbé e gbà wá sí àyà, ṣùgbọ́n bó ṣe ń jó ọmọ yẹn lẹ́yìn, ẹ ò ní mọ̀ pé kì í ṣe ọmọ wa. Ó wá jókòó, ó mú amọ̀ ìṣeré, ó ń gbá a láàárín àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì pà pà pà, tortilla, àkàrà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń fi àgbàdo ṣe, ló ń ṣe, ó sì ń bá ìbátan ẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ ràì ràì, ọmọ tí a ní kò lè sọ̀rọ̀! Èdè yẹn kì í ṣe Sípáníìṣì rárá. Ọmọ Mẹ́síkò kan wá bá wọn jókòó, ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n yí i sí ìwọ̀nba Sípáníìṣì tí wọ́n gbọ́. Níta náà wọ́n máa ń sọ ọ́ láàárín ara wọn, àwọn ọmọ tó dàgbà jù wọ́n lọ sì ti ń pè wọ́n ní "indio", èébú ni wọ́n fi ń ṣe.

Mo bi ìyá ọmọ náà nígbà tó wá mú un. Ẹ̀gbọ́n ọmọ náà tó wà ní kíláàsì kẹta ló ń túmọ̀ fún wa. Ó ní K'iche' lèdè àwọn (èdè àwọn Maya ni, àwọn tó ni ilẹ̀ ibẹ̀ kí àwọn Sípáníìṣì tó dé), ó tún ní kí n má bínú, àwọn á rí i pé ọmọ náà gbọ́ Sípáníìṣì dáadáa. Kí ni mo fẹ́ bínú sí? Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí gan-an.

Tíṣà àgbà ní tí wọ́n bá ń ṣeré ká máa rán wọn létí kí wọ́n sọ Sípáníìṣì kó lè tètè yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Èmi ò mọ̀. Ṣé Látínò ni wọ́n àbí Maya? Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n máa fi èdè wọn ṣeré, àbí èdè mẹ́ta á pọ̀ jù fún ọmọ ọdún mẹ́rin? Ẹ là mí lọ́yẹ̀ o.

Bàbá_Tóbi:

Àdùkẹ́, ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ojú lọ́nà. Ẹ má fi ohun tó wà nínú fọ́ọ̀mù yẹn ṣe odiwọ̀n. Ní Guatẹmálà nìkan, èdè Maya 22 ni òfin orílẹ̀-èdè náà mọ̀. K'iche' àti Q'eqchi' ló pọ̀ jù, Mam àti Kaqchikel náà pọ̀, ká tó wá dé orí Q'anjob'al, Chuj, Ixil, Akateko àti àwọn yòókù. Wọn ò gbọ́ ara wọn o, tí ẹni tó ń sọ Mam bá pàdé ẹni tó ń sọ K'iche', Sípáníìṣì ni wọ́n á jọ wá kiri. Mẹ́síkò náà ní tiwọn, Maya Yucatán ń bẹ, Tzotzil àti Tzeltal ń bẹ ní Chiapas.

Ẹ̀rù tí ẹ rí lójú ìyá yẹn ní ìtàn. Láti 1960 títí di ìparí 1996 ni ogun abẹ́lé fi jà ní Guatẹmálà, ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ló burú jù, àwọn sójà ń jó abúlé Maya lórí òkè níbẹ̀ ní àjósọnù. Ìgbìmọ̀ tó wádìí ọ̀rọ̀ náà gbé ìwé jáde ní 1999, wọ́n ní ó lé ní 200,000 èèyàn tó kú tàbí tí wọn ò rí mọ́, nínú àwọn tí wọ́n dá mọ̀, ìdá 83 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ Maya. Àwọn tó sá, àwọn kan dúró sí Chiapas, àwọn kan kọjá wá sí Amẹ́ríkà, wọ́n ń ká ọsàn ní Indiantown ní Florida, wọ́n ń ránṣọ ní Los Angeles. Láti ìgbà yẹn náà ni àwọn K'iche' ará Totonicapán ti ń wá sí Houston. Ẹnì kan á ríṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tún súpámákẹ́ẹ̀tì ṣe, á mú àbúrò ẹ̀ wọlé, àbúrò á mú ará àdúgbò wọlé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe pọ̀.

Ẹni tó bá ń sọ Maya nígbà ogun yẹn, ọ̀tá ìjọba ni wọ́n fi ń pè é. Nígbà tí wọ́n tún ń gba Mẹ́síkò kọjá, wọ́n ní láti máa sọ̀rọ̀ bí ará Mẹ́síkò kí wọ́n má bàa dá wọn padà sílé. Ẹ wá gbé fọ́ọ̀mù síwájú irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ bi í pé èdè wo lẹ ń sọ nílé. Sípáníìṣì ló máa kọ o! Nígbà míì gan-an akọ̀wé ọ́fíìsì ló máa bá a kọ ọ́ kó tó dáhùn.

Ti pé Látínò ni wọ́n àbí Maya, nílé wọn ní Guatẹmálà, ẹni tí kì í ṣe Maya ni wọ́n ń pè ní ladino, kò sí ẹni tó máa pe K'iche' ní ladino láyé. Wọ́n wá sọdá ibodè, ìwé ìjọba Amẹ́ríkà ní "Hispanic", ó parí. Ọmọ náà lè jẹ́ méjèèjì tó bá dàgbà tó ní òun fẹ́ méjèèjì, ṣùgbọ́n kì í ṣe kí á yọ ọ̀kan kúrò kó tó mọ̀ ọ́n.

Ẹ tún wo òfin Texas yìí. Tí ọmọ tí òyìnbó ò tíì yọ̀ mọ́ lẹ́nu bá pé 20 ní ìpele kíláàsì kan, tí èdè kan náà wà nínú ìwé wọn, dandan ni kí àwọn aláṣẹ ilé ìwé àgbègbè náà fi èdè yẹn pẹ̀lú òyìnbó kọ́ wọn. Òfin tó dára ni. Ṣùgbọ́n ọmọ K'iche' tí ìwé pè ní Sípáníìṣì, wọ́n gbé e síbi tí èdè méjèèjì ti jẹ́ àjèjì sí i, ẹni tó ń kọ́ ọ sì rò pé ọ̀kan nínú ẹ̀ ni èdè ìyá ẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi ń wò yín.

Morẹ́nikẹ́:

Bàbá Tóbi ẹ ṣeun, ẹ ti lànà. Iṣẹ́ mi ni kí n máa yẹ ọmọdé wò bóyá ọ̀rọ̀ sísọ ń dí wọn lọ́wọ́, àwọn ọmọ Guatẹmálà sì máa ń dé ọ̀dọ̀ mi dáadáa. Wọ́n á kọ ìwé rán wọn sí mi pé ọmọ yìí ò sọ̀rọ̀, pé ó lọ́ra. Wọ́n ti fi Sípáníìṣì ṣe tẹ́ẹ̀sì fún un, ó fìdí rẹmi. Tí mo bá jókòó tì í nílẹ̀, tí èmi náà ń ṣeré tí n ò bi í ní nǹkan kan, tí àbúrò ẹ̀ tàbí ìbátan ẹ̀ bá wà ńbẹ̀, gbólóhùn gígùn gígùn lá máa jáde. Ọmọ yẹn ò ní àìsàn kankan! Àǹtí Àdùkẹ́, ohun tí ẹ rí ní igun yẹn ju tẹ́ẹ̀sì lọ, ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú déètì, ó máa wúlò lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá fẹ́ kọ "ọpọlọ ò yá" sí ìwé ọmọ ọlọ́mọ.

Nǹkan míì tí àwọn tíṣà kì í mọ̀ ni bí àwọn Maya ṣe ń ṣeré. Suzanne Gaskins, onímọ̀ kan tó ti bá wọn gbé fún ìgbà pípẹ́ ní Yucatán, rí i pé àwọn àgbà kì í sábà jókòó bá ọmọ ṣeré, wọn kì í ṣètò eré fún un. Ọmọ ìyá àti ìbátan ló jọ ń ṣeré, ńlá kékeré papọ̀, ẹ̀gbọ́n ló ń darí ẹ̀, eré ọ̀hún sì sábà máa ń jẹ́ iṣẹ́ tí wọ́n ń rí lọ́wọ́ àgbà lójoojúmọ́, tortilla, igi dídáná, ọmọ pípọ̀n, ọjà títà. Barbara Rogoff náà pẹ́ ní San Pedro La Laguna lẹ́bàá adágún Atitlán lọ́dọ̀ àwọn Tz'utujil, ẹ̀yà Maya kan ní Guatẹmálà, ohun tó rí ni pé wíwò ni ọmọ fi ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀, á máa wò, á wá ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ nígbà tó bá mọ̀ ọ́n. Kò sí àgbà tó máa dúró níwájú ẹ̀ tó máa bi í pé "àwọ̀ wo rèé?" nígbà tí àgbà náà mọ àwọ̀ ọ̀hún. Ẹ wá mú irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wá sí kíláàsì tó jẹ́ pé ìbéèrè ni láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Tó bá ń wò yín, ó lè jẹ́ pé ẹ̀kọ́ ló ń kọ́ gidigidi.

Ní ti èdè mẹ́ta, ọmọdé lè gbọ́ mẹ́ta, ọmọ Èkó tó ń sọ Yorùbá àti Ẹ̀gùn nílé tó tún ń kọ́ òyìnbó ní sùkúùlù, ṣé orí ẹ̀ fọ́ ni? Inú eré gan-an ni wọ́n ti ń kọ́ bí èdè ṣe ń pín. Mo ti rí i lọ́pọ̀ ìgbà tí wọ́n bá ń ṣe eré ilé-ilé, ẹni tó jẹ́ ìyá á sọ èdè ilé, ẹni tó jẹ́ ọlọ́jà á sọ Sípáníìṣì, ẹni tó jẹ́ tíṣà á sọ òyìnbó, ìwọ̀nba tó gbọ́, pẹ̀lú ohùn tíṣà gan-an! Ana Celia Zentella, onímọ̀ èdè kan, rí irú ẹ̀ láàárín àwọn ọmọ Puerto Rico ní ìlà-oòrùn Harlem ní New York, ọmọ á yí èdè padà láàárín ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo torí ẹni tó kọjú sí. Tí ẹ bá ní kí wọ́n fi Sípáníìṣì nìkan ṣeré, eré yẹn á kú ni, wọ́n á dákẹ́ ní igun yẹn náà bí wọ́n ṣe dákẹ́ lórí ìjókòó. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́.

Tí ẹ bá fẹ́ wọlé sínú eré yẹn, ẹ fi bojúbojú bẹ̀rẹ̀. Kí ọmọ yẹn ka iye fún wa kí a tó máa wá ara wa: jun, keb', oxib', kajib', job'. Ẹ jẹ́ kó kọ́ yín, kí gbogbo kíláàsì kọ́ ọ. Ogún ogún ni K'iche' ń ka nǹkan bíi tiwa, juwinaq ni ogún, kawinaq ni ogójì, bó tiẹ̀ jẹ́ pé ọ̀pọ̀ nínú wọn lóde òní ti ń fi Sípáníìṣì ka iye tó bá ti pọ̀.

Ọ̀gbẹ́ni_Ògúndìran:

Ẹ má bínú sí mi o, èmi á sọ tèmi. Ọmọ tó máa dàgbà sí Houston, kí ló fẹ́ fi K'iche' ṣe? Òyìnbó ló máa gbé e dé yunifásítì, Sípáníìṣì ló máa fi ríṣẹ́ ládùúgbò. Òbí ẹ̀ gan-an ló sọ pé Sípáníìṣì làwọn fẹ́, ta wá ni àwa tá a máa mọ̀ jù wọ́n lọ? Mo ṣiṣẹ́ òru kí àwọn ọmọ tèmi tó lè kàwé níbí, wọn ò gbọ́ Yorùbá púpọ̀, wọ́n sì ń ṣe dáadáa, mo dúpẹ́.

Bàbá_Tóbi:

Ọ̀gbẹ́ni Ògúndìran, mo gbọ́ yín, iṣẹ́ òru yẹn kì í ṣe nǹkan kékeré. Ṣùgbọ́n ti pé K'iche' ò wúlò, mi ò gbà. December 2018, ọmọbìnrin Q'eqchi' kan, ọmọ ọdún 7, ṣàìsàn lọ́wọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ ibodè ní New Mexico, wọ́n gbé e wá sí ọsibítù ní El Paso níbí ní Texas, ibẹ̀ ló sì kú sí. Ìwé tí wọ́n gbé fún bàbá ẹ̀ pé kó fọwọ́ sí, òyìnbó ni, Sípáníìṣì ni wọ́n fi ṣàlàyé ẹ̀ fún un, Q'eqchi' sì lèdè ọkùnrin náà. Títí di òní àwọn kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn àjèjì ń wá ògbufọ̀ Mam, K'iche' àti Q'anjob'al lójú méjèèjì, wọn kì í rí i tó. Ọmọ ọdún mẹ́rin tó ń pọn ọmọláńgidi yẹn lè jẹ́ ẹni tó máa dúró níwájú adájọ́ fún ìyá ẹlòmíì lọ́jọ́ kan, tí èdè yẹn ò bá kú mọ́ ọn lẹ́nu. Ká tiẹ̀ wá ní kò sí iṣẹ́ kankan nínú ẹ̀ rárá, ìyá àgbà tó wà ní Totonicapán ńkọ́, tí wọ́n bá pè é lórí WhatsApp, èdè wo ni ọmọ á fi kí i?

Wálé_Oakland:

Ẹ kú ìjókòó o ẹ̀yin àgbà. Ọ̀dọ̀ tiwa níbí ní Oakland, Mam ló pọ̀, àwọn ará Todos Santos àti San Juan Atitán kún àdúgbò Fruitvale, àwọn ọmọ wọn ni mò ń bá gbá bọ́ọ̀lù ní Sátidé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ń rí lọ́wọ́ àwọn tó ti dàgbà díẹ̀, ọdún 9 sí 12, torí pé ibẹ̀ ni àwọn ti Àǹtí Àdùkẹ́ ń lọ.

Nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ dé, "vos" (ìyẹn "ìwọ") ni wọ́n ń pe ara wọn bí àwọn ará Guatẹmálà ṣe ń ṣe, ọmọdé ni wọ́n ń pè ní patojo. Kò ní pẹ́, àwọn ọmọ Mẹ́síkò á ti fi wọ́n ṣẹ̀sín, ẹ ó kàn gbọ́ tí wọ́n ti ń sọ "tú" dípò "vos", tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ bí ará Mẹ́síkò. Tó bá jẹ́ Guatẹmálà là ń bá Honduras gbá nínú eré, "chapín" (ìnagijẹ ará Guatẹmálà) ni wọ́n, wọ́n á fi pariwo. Mam yẹn, àárín ìbátan nìkan ló kù sí, wọ́n á sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ tí wọn ò bá fẹ́ kí àwọn tí wọ́n jọ ń gbá bọ́ọ̀lù mọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún wọn gan-an, àwọn tó ń fi wọ́n ṣẹ̀sín tẹ́lẹ̀ ti ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kọ́ àwọn. Èmi ò dá sí i, àwọn ọmọ ló ṣe é fúnra wọn. Lẹ́yìn bọ́ọ̀lù wọ́n á ta òkòtó, trompo ni wọ́n ń pè é, ẹni tó mọ̀ ọ́n ta jù, bàbá ẹ̀ ló kọ́ ọ, Mam ló sì fi ń ṣàlàyé ẹ̀ torí pé Mam ni bàbá fi kọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ "indio" yẹn, ẹ má jẹ́ kó kọjá o, ẹ má sọ pé eré ọmọdé ni. Ní Oxnard níbí ní California, àwọn ọmọ tí òbí wọn wá láti Oaxaca ní Mẹ́síkò, Mixteco, ẹ̀yà onílẹ̀ kan níbẹ̀, ni ọ̀pọ̀ wọn, ni wọ́n ń pè ní "Oaxaquita" (ará Oaxaca kékeré) àti "indito" ("indio" kékeré), àwọn ọmọ wọ̀nyẹn ń sá fún sùkúùlù. Ẹgbẹ́ àwọn Mixteco níbẹ̀ dìde, ní 2012 àwọn aláṣẹ ilé ìwé Oxnard fòfin de ọ̀rọ̀ méjèèjì. Látínò ló ń bú Látínò, ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ òyìnbó tíṣà ò fi tètè gbọ́ ọ, wọ́n rò pé ẹ̀yà kan náà ni gbogbo wọn.

Níbi tí mo ti fẹ́ yàtọ̀ díẹ̀ sí Àǹtí Morẹ́nikẹ́, ẹ má sáré sọ ọmọ yẹn di tíṣà K'iche' fún kíláàsì. Àwọn kan wà tí ẹ bá ní "sọ ọ́ ká gbọ́", ilẹ̀ ni wọ́n á máa wá tí wọ́n á wọ̀. Ìyá wọn ti kọ́ wọn pé inú ilé la ti ń sọ ọ́. Kí ẹ̀yin kọ́kọ́ kọ́ ọ lọ́dọ̀ ìyá, kí ọmọ rí i pé ìyá òun ló ń kọ́ tíṣà, ìgbà yẹn lojú á là. Àti ẹ̀gbọ́n tó ń túmọ̀ yẹn, Marjorie Orellana tó ti ṣe tíṣà rí ní Los Angeles ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí irú àwọn ọmọ tó ń túmọ̀ fún òbí, iṣẹ́ ọpọlọ gidi ni wọ́n ń ṣe. Ẹ yìn ín. Ṣùgbọ́n tó bá ti di ọ̀rọ̀ àìsàn, tàbí ẹjọ́, tàbí ìwé tí òbí máa fọwọ́ sí, ẹ má lo ọmọ kékeré, ẹ wá àgbà ògbufọ̀.

Morẹ́nikẹ́:

Wálé, o ṣeun, mo gbà pẹ̀lú ẹ, ìyá ni kó ṣáájú. Bojúbojú yẹn lè dúró títí ọmọ fúnra ẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè.

Àdùkẹ́_Houston:

Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ dúpẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Ògúndìran, ẹ̀yin náà ẹ ṣeun, ohun tí ẹ sọ lohun tí tíṣà àgbà máa sọ, ó dáa tí mo ti gbọ́ ọ níbí.

Mo ti bá tíṣà àgbà sọ̀rọ̀ lónìí, mo fi ìwé tí mo kọ nípa igun eré yẹn hàn án. Ó ní òun ò mọ̀ pé ọmọ yẹn lè sọ gbólóhùn tó gùn. A ti dẹ́kun "sọ Sípáníìṣì" níbi eré, ó ní ká dán an wò. Ti "indio" yẹn, ó máa bá àwọn tíṣà kíláàsì tó wà lókè sọ̀rọ̀. Ohun tó kù ni fọ́ọ̀mù. Tí mo bá ní kí ìyá ọmọ wá sí ọ́fíìsì wá ṣàtúnṣe èdè, ẹ̀rù á bà á, á rò pé ìwé ìgbélùú ni wọ́n fẹ́ béèrè. Báwo ni kí n ṣe é?

Bàbá_Tóbi:

Ẹ sọ fún un pé ilé ìwé ìjọba ò lè torí ìwé ìgbélùú lé ọmọ padà. Ẹjọ́ Plyler v. Doe, 1982, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà ló dá a, Texas níbí gan-an ni ẹjọ́ ọ̀hún ti bẹ̀rẹ̀, ní ìlú Tyler. Kí ògbufọ̀ K'iche' tó jẹ́ àgbà sọ ọ́ fún un, kì í ṣe ọmọ kíláàsì kẹta, ẹ béèrè ní ọ́fíìsì bóyá wọ́n ní ti orí fóònù. Kí ẹ̀yin náà bá a wọlé lọ́jọ́ yẹn.

Morẹ́nikẹ́:

Kí wọ́n kọ "K'iche'" gan-an síbẹ̀ o, kì í ṣe "èdè mìíràn", kí ẹni tó máa ṣe tẹ́ẹ̀sì fún ọmọ náà mọ ògbufọ̀ tó máa pè. Bí ọ́fíìsì bá ní àyè ò sí fún un mọ́ nínú fọ́ọ̀mù, ẹ bá ẹni tó ń bójú tó ètò èdè níbẹ̀ sọ̀rọ̀, kó kọ ọ́ sínú fáìlì ọmọ, kí ìyá sì gba ẹ̀dà kan.